Kí ló ń ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré, kí ló sì ń fà á sẹ́yìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi tó wà ní ilé-ìwé girama bi mí ní ohun kan tí n kò rí dá a lóhùn. Ìwé físíìsì rẹ̀ sọ pé pápá iná mànàmáná a máa ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, eré rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Nígbà tó ṣí ìwé náà síwájú díẹ̀, ó tún bá a níbẹ̀ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wáyà ń rìn lọ́ra ju ìgbín lọ. Ó ní, "Dádì, bí nǹkan bá ń tì í tí kò sinmi, ṣé kò yẹ kó ti sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ?" Èwo ni ká gbà gbọ́? Ẹ sì bá wa wo èyí náà: kí ló dé tí ọfà pápá inú àwòrán fi kọjú sí apá kan, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń lọ sí apá kejì?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Òótọ́ ni ohun méjèèjì tí ìwé yẹn sọ, àmọ́ kò sọ bí wọ́n ṣe so mọ́ra, ibẹ̀ gan-an sì ni ọmọ yín fi ọwọ́ bà. Èyí tó béèrè nípa ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé rárá. Onífísíìsì kan dìídì ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara wọn rí ìdáhùn. Màá débẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí pápá ń ṣe. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni hóró bín-ń-tín inú átọ́ọ̀mù tó ní ẹrù iná nẹ́gétíìfù. Ipá ni pápá ń fún un, ìyẹn ni pé ó ń tì í. Eré ni ohun tí títì yẹn máa ń bí nígbà tí ọ̀nà bá là. Bí ọ̀nà ò bá là, títì ò dáwọ́ dúró, àmọ́ ibòmíràn ni èrè rẹ̀ máa ń gbà lọ. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: pápá kì í wo bóyá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dúró sójú kan tàbí ó ti ń sáré. Ẹni tó bá ti ti ọkọ̀ tó kú rí mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti ń mú eré, ọwọ́ èèyàn kì í tó o mọ́. Èèyàn á máa sáré tẹ̀lé e, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Pápá kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nígbà tó dúró náà ni yóò ṣe máa tì í nígbà tó bá ń fò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà sí i. Ẹ mú àwo irin méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé wọn kọjú síra, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1 wà láàárín wọn. Ẹ fa gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, ẹ wá fi fólìtì 1,000 sí wọn, kí ọ̀kan jẹ́ pósítíìfù, kí èkejì jẹ́ nẹ́gétíìfù. Pápá àárín wọn á jẹ́ fólìtì 100,000 lórí mítà kan. Ẹ tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo nẹ́gétíìfù, láìjù ú, láìtì í, kẹ́ ẹ kàn fi í sílẹ̀.

Ipá tó dé bá a kéré débi pé kò sí òṣùwọ̀n inú ilé kankan tó lè mọ̀ ọ́n lára: 1.6 × 10⁻¹⁴ newton. Àmọ́ ẹni tí ipá náà ń tì kò wúwo rárá. Bí ẹ bá fẹ́ kọ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe wúwo tó ní kìlógíráàmù, ẹ kọ òdo kan, ẹ fi àmì ìdá sí i, ẹ tún wá to òdo 30 tẹ̀lé e kí 9 tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí ipá bín-ń-tín yẹn fi ń ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí ìgbà tí ìjì bá gbé ìyẹ́ ẹyẹ. Láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti ré àlàfo náà kọjá, ó sì ti fẹ́ gbá àwo kejì ní eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 19,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ráyè gba ọ̀nà tààrà yí ayé po ní eré yẹn, ìṣẹ́jú àáyá méjì lé díẹ̀ ló máa gbà á. Gbogbo eré yẹn, inú sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo ló ti kó o jọ.

Nǹkan kan wà nínú ìrìn àjò kékeré yìí tí àwọn èèyàn kì í sábà kíyè sí. Ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà náà ló ń jẹ àsìkò. Nínú gbogbo àsìkò tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lò láti àwo dé àwo, nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dé àárín, ìyókù ló fi parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ títì náà kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tó dé àárín, ó ti ní eré lọ́wọ́.

Ẹ wá sún àwo méjì náà jìnnà síra, kí àlàfo àárín wọn di sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ má sì yí fólìtì 1,000 yẹn padà. Mo ti bi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí: ṣé eré tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa bá dé á pọ̀ sí i ni, nítorí pé ọ̀nà tó fi ń sáré ti gùn sí i? Àbí á dín kù, nítorí pé pápá ti rọ̀? Àwọn tó ń dáhùn máa ń pín sí méjì, ìhà méjèèjì ló sì máa ń kùnà. Pápá ti dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọ̀nà sì ti gùn sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Eré kan náà ló máa bá dé. Àsìkò nìkan ló yàtọ̀, torí ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ ló máa lò lójú ọ̀nà. Bí bọ́ọ̀lù méjì bá yí láti orí òkè kan náà wá sílẹ̀, tí ọ̀kan gba ibi tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí èkejì gba ibi tó rọra tẹ̀, tí nǹkan kan ò sì há wọn lọ́nà, eré kan náà ni wọ́n máa bá dé ìsàlẹ̀. Bí òkè ṣe ga tó ló ṣe pàtàkì, bí ibẹ̀ sì ṣe rí ni fólìtì ṣe rí.

Torí náà ni àwọn onífísíìsì kì í ṣe wàhálà lórí bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá la fólìtì kan kọjá ti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fólìtì kan gẹ́gẹ́ bí agbára. Èyí tó bá la 1,000 kọjá gba 1,000. Ó tán. Mo fẹ́ràn ọ̀nà ìṣirò yìí ju gbogbo fọ́múlà tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì lọ, torí pé èèyàn lè fi orí ṣe é.

Àmọ́ kí ọmọ má ṣe rò pé bí agbára bá di ìlọ́po méjì, eré náà á di ìlọ́po méjì. Fólìtì 1 ń fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní eré kìlómítà 593 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fólìtì 100 ń fún un ní kìlómítà 5,930, ìlọ́po mẹ́wàá péré. Ẹni tó bá fẹ́ ìlọ́po méjì eré gbọ́dọ̀ san ìlọ́po mẹ́rin fólìtì. Ẹ fi ìyẹn pa mọ́ sí igun kan ná.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ni. Mo máa ń fi ẹ̀rọ kan hàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú yàrá ìdánwò tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sójú. Gíláàsì rìbìtì kan ni, tó ní ọrùn gígùn, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní ọrùn yẹn ni wáyà tínrín kan wà tó ń pọ́n bí ẹyín iná; ooru rẹ̀ ló ń tú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Fólìtì 3,000 ń fà wọ́n jáde kúrò ní ọrùn, wọ́n á sì fò wọ inú gíláàsì ní nǹkan bí kìlómítà 32,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èèyàn ò lè rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àmọ́ páálí pẹlẹbẹ kan wà lójú ọ̀nà wọn tí wọ́n fi ohun tó ń tàn kùn, àwọn ìlà kékeré sì wà lójú rẹ̀ bíi ti ìwé ìṣirò. Bí a bá pa iná yàrá, ìlà búlúù tóóró kan á yọ, á là gbọnrangandan láti ọrùn dé òdìkejì.

Lẹ́yìn náà ni màá wá fi fólìtì sí àwo irin méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ páálí náà. Kíá, ìlà búlúù náà á tẹ̀ kọrọdọ lọ sókè, síhà àwo pósítíìfù. Bí a bá wo bó ṣe tẹ̀, bí òkúta tí èèyàn jù síwájú ṣe ń tẹ̀ bọ̀ wálẹ̀ náà ló rí, àfi pé òkè ni èyí "ṣubú" sí. Ìdí kan náà ló sì fà á: eré tó ní síwájú kò yí padà torí pé nǹkan kan ò tì í síwájú mọ́, àmọ́ eré rẹ̀ sókè ń pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Bí mo bá pààrọ̀ àwo, ìlà náà á tẹ̀ wálẹ̀. Bí mo bá sì fi ìlọ́po kan náà bù sí fólìtì tó ń yọ wọ́n jáde àti fólìtì tó ń tẹ̀ wọ́n, ìlà náà kò ní kúrò lójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ẹnu máa ń ya àwọn ọmọ sí ìyẹn. A tì wọ́n tagbáratagbára sókè, àmọ́ wọn ò pẹ́ níbi títì náà mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, ṣé ilẹ̀ kì í fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra ni? Ó ń fà á. Ṣùgbọ́n láti gba sẹ̀ǹtímítà 10 kọjá ní eré yẹn, ìdá mẹ́ta nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Láàárín ìyẹn, ibi tí ilẹ̀ máa fà á dé kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìbú pírótọ́ọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gbà pàdé pápá: kó wá láti iwájú. Bó bá ti ń sáré bọ̀ síhà àwo nẹ́gétíìfù, pápá á máa fà á sẹ́yìn, eré á máa dín kù, á dúró wúyẹ́, á sì padà síbi tó ti wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "pápá ń mú kó yára" kò pé. Ibi tó kọjú sí ló ń sọ bóyá eré á pọ̀ tàbí á dín kù tàbí ọ̀nà á tẹ̀.

Ó wá kan wáyà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ìgbín.

Inú bàbà, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló wà tí kò so mọ́ átọ́ọ̀mù kan pàtó. Nínú hóró bàbà tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 8.5 × 10¹⁹ ni wọ́n. Wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́ de bátìrì. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan súìsì ni wọ́n ti ń sáré kiri, eré àwọn tó yára jù nínú wọn sì tó kìlómítà 1,570 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá pè wọ́n ní onílọ̀ọ́ra kò tíì rí wọn. Ṣùgbọ́n kálukú ló ń gba ọ̀nà tirẹ̀: bí èyí ṣe ń lọ sọ́tùn-ún ni òmíràn ń bọ̀ sósì, nígbà tí a bá sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sí ibì kankan tí agbo náà lọ. Ẹ wo agbo kantíkantí tó ń fò lójú kan ní ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń ṣe wéréwéré bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, síbẹ̀ agbo náà dúró. Tí afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ bá wá fẹ́, gbogbo agbo á rọra sún díẹ̀díẹ̀ síhà kan, láìjẹ́ pé kòkòrò kan ṣoṣo dẹ́kun wéréwéré rẹ̀. Sísún yẹn ni ìwé ọmọ yín ń fi wé ìrìn ìgbín. Agbo ló lọ́ra; àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò lọ́ra.

Pápá ni afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ náà. Bí ojú wáyà bàbà bá tóbi tó mìlímítà 1 lóròó, mìlímítà 1 níbùú, tí ámípíà 1 sì ń gbà á kọjá, pápá inú rẹ̀ kò ju fólìtì 0.017 lórí mítà kan lọ. Ẹ fi wé 100,000 tó wà láàárín àwo wa lẹ́ẹ̀kan. Pápá tó rọ̀ tó báyìí pàápàá, bí a bá fi ìṣirò inú ìwé ọmọ náà ṣe é, yóò fi kìlómítà mílíọ̀nù mẹ́ta kún eré ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ọmọ yín kò ṣi ìṣirò.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú bàbà kò rí ìṣẹ́jú àáyá kan fi sáré. Àsìkò tó ní láàárín ìkọlù kan àti òmíràn jẹ́ nǹkan bí 2.5 × 10⁻¹⁴ ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ṣe é: mítà 3,000,000,000 tí pápá ń fi kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lọ́nà 2.5 × 10⁻¹⁴. Mítà 0.000075 ló máa bá, ìyẹn mìlímítà 0.075 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ̀ǹtímítà 27 ní odindi wákàtí. Ìyẹn ni gbogbo èrè tó lè rí kó jọ kí ìkọlù tó dé. Bí ìkọlù bá dé, á yí orí síbi tó bá wù ú, èrè náà á pòórá, pápá á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń yára lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà tí kò lóǹkà láàárín kí a ṣẹ́jú. Wọ́n kàn ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kí ló ń kọlù? Ní ọdún 1900, Paul Drude ará Jámánì dá àbá pé ara àwọn átọ́ọ̀mù irin gan-an ni wọ́n ń gbá. Ìṣirò rẹ̀ wúlò títí dòní, àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń hùwà bí ìgbì, ìgbì sì lè gba àárín àwọn átọ́ọ̀mù tó tò lẹ́sẹẹsẹ kọjá bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀nà rẹ̀ rú ni gbígbọ̀n tí ooru ń mú kí àwọn átọ́ọ̀mù gbọ̀n, àti àbàwọ́n: átọ́ọ̀mù àjèjì, ibi tí ìtò ti yẹ̀. Ìdí nìyí tí bàbà tó bá gbóná fi máa ń dí iná lọ́nà ju èyí tó tutù lọ. Èrè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì ṣègbé; ó di gbígbọ̀n sí i, ìyẹn ooru. Ọwọ́ yín ti kan èrè náà rí nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan wáyà tó ti gbé iná púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ sẹ̀ǹtímítà 27 ní wákàtí á béèrè pé, kí ló dé tí gílóòbù fi ń tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Torí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lẹ́nu súìsì kọ́ ni gílóòbù ń dúró dè. Inú gílóòbù náà ti kún fún tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń rìnrìn àjò láti súìsì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pápá, pápá sì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ní eré tó sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ okùn iná, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni. Pápá dé, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sún pa pọ̀. Bó bá jẹ́ iná tó ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wáyà tí mo júwe yìí kò tiẹ̀ lọ ibì kankan: á sún síwájú, á sún sẹ́yìn, ìrìn rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Àwọn tó wà nínú okùn iná ilé yín lè ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á.

Ní ti dídí ọ̀nà, afẹ́fẹ́ wà láàárín òfìfo (ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí) àti bàbà. Mólékù afẹ́fẹ́ jìnnà síra ju ohun tó wà nínú irin lọ, nítorí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rí àyè sáré díẹ̀ kó tó gbá ọ̀kan. Bí pápá bá rọ̀, gbígbá yẹn á kàn gba èrè lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti wáyà. Bí pápá bá le tó nǹkan bíi fólìtì mílíọ̀nù mẹ́ta lórí mítà kan, èrè tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kó jọ á tó láti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn gbà kúrò lára mólékù tó gbá: bíi 12 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fólìtì fún ọ́síjìn, bíi 15.6 fún náítírójìn. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, pápá á máa ti gbogbo wọn, kí ojú tó mọ̀, afẹ́fẹ́ ti di ọ̀nà iná. Ẹ̀ta iná kékeré tó ń ta ní ìdí súìsì nìyẹn.

Ó ku ìmọ́lẹ̀. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́ sí igun jáde: ìlọ́po mẹ́rin fólìtì, ìlọ́po méjì eré. Ní òfìfo, níbi tí kò sí ìkọlù kankan, kí ló máa dá a dúró bí a bá ń fi fólìtì kún un ṣáá? Fún fólìtì 25,000, irú èyí tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ìdí gbàgìdì, ìṣirò inú ìwé sọ pé kìlómítà 94,000. Òótọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 90,500. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ ó wà. Fún fólìtì 511,000, ìwé á sọ pé kìlómítà 424,000, ìmọ́lẹ̀ sì rèé, 300,000 péré ló ń sá. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gidi kì í kọjá 260,000 níbẹ̀.

Ìdánwò tí mo ṣèlérí rẹ̀ ni èyí. William Bertozzi ló ṣe é ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1964. Ó fún àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní agbára láti ìdajì mílíọ̀nù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fólìtì títí dé mílíọ̀nù 15, ó wá jẹ́ kí wọ́n sáré mítà 8.4, ó sì wọn àsìkò tí wọ́n lò. Agbára ti di ìlọ́po ọgbọ̀n. Bí ìṣirò ìwé girama bá jẹ́ òdodo, àwọn tó gba mílíọ̀nù 15 yẹ kó sá ju ìlọ́po méje eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Wọn kò kọjá ìmọ́lẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ọn débi pé aago rẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, bóyá pápá ni kò lè tì wọ́n mọ́ nígbà tí wọ́n ti yára tó báyìí. Bertozzi náà rò ó. Ó fi àwo alumíníọ̀mù gbá àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà mú ní òpin ọ̀nà, ó sì wọn bí àwo náà ṣe gbóná tó. Gbogbo agbára tí pápá fún wọn ló bá níbẹ̀, kò dín. Pápá kò dẹ́kun títì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì dẹ́kun gbígba agbára. Eré nìkan ni kò gba púpọ̀ mọ́. Ohun tí àbá Einstein ti 1905 sọ gan-an nìyẹn. Àwọn ìwé kan á ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù "ń wúwo sí i". Èmi kò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, torí ó ń mú ọmọ rò pé nǹkan kan ń sanra nínú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó tó ká sọ pé bó ṣe ń sún mọ́ eré ìmọ́lẹ̀, agbára tí a ó san fún eré díẹ̀ sí i ń gbówó lórí, títí tí kò fi ní òpin.

Ibi tí wọ́n tì í dé jù kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà tì ni LEP, ẹ̀rọ CERN (àjọ ìwádìí físíìsì ti ilẹ̀ Yúróòpù) tó gùn ní kìlómítà 27 yíká lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí Geneva. Ní ọdún 2000, agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 104 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fólìtì. Bí òun àti ìmọ́lẹ̀ bá jọ sáré fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ á fi mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin ṣíwájú rẹ̀. Ìgbín tún dé.

Ti ọfà kò le. Láàárín àwọn ọdún 1740, Benjamin Franklin nílò orúkọ fún irú ẹrù iná méjì tó wà, ó pe ọ̀kan ní pósítíìfù, ó pe èkejì ní nẹ́gétíìfù. Kò sí ohun tó lè fi mọ èwo nínú méjèèjì ló ń rìn nínú irin. Gbogbo ayé bá a lò ó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 150 ọdún, wọ́n sì fẹnu kò pé ibi tí pápá máa ti ẹrù pósítíìfù sí ni ọfà á kọjú sí. Nígbà tí J. J. Thomson wá ṣàwárí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní 1897, nẹ́gétíìfù ló bá a, ìyẹn ni pé òdìkejì ibi tí ọfà kọjú sí ni pápá ń tì í sí. Kò sẹ́ni tó padà lọ tún gbogbo ìwé kọ. Ẹ ní kí ọmọ fi pẹ́ńsù kọ àmì nẹ́gétíìfù gàdàgbà sára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú àwòrán kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kankan. Nínú gbogbo ìwé ìdánwò tí mo ti máàkì, àmì yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.